Ọjọ́ tí Hillary dúró de bàálù ní Phaphlu

Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1975, Edmund Hillary wà ní Phaphlu, abúlé kan ní agbègbè Solukhumbu ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Nepal. Ilé ìwòsàn ni òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń kọ́ níbẹ̀. Ó ń retí ìyàwó rẹ̀, Louise, àti Belinda, àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún 16. Bàálù kékeré ni yóò gbé wọn wá láti Kathmandu, olú ìlú Nepal, nítorí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ máa fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rìn, bàálù kì í lò ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lọ níbẹ̀. Àkókò tó yẹ kí wọ́n dé kọjá, bàálù ò dé. Hẹlikọ́pítà ló padà yọ lójú ọ̀run.

Elizabeth Hawley ló wà nínú rẹ̀, oníròyìn ará Amẹ́ríkà tó ti ń gbé ní Kathmandu láti ọdún 1960, tí kò sí ẹni tó wá gun òkè ní Nepal tí kò mọ̀ ọ́n. Ó wá túfọ̀ ni. Bàálù tí ìyá àti ọmọ wọ̀ já lulẹ̀ kò pẹ́ tó gbéra, àwọn méjèèjì sì ti kú. Ẹni ọdún 55 ni Hillary lọ́jọ́ yẹn. Louise jẹ́ ẹni ọdún 44.

Orúkọ Hillary kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá lọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Olùkọ́ á béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè tó ga jù lọ láyé, a ó dáhùn pé Edmund Hillary àti Tenzing Norgay ni, a ó jókòó. Ìdáhùn náà tọ̀nà: ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1953 ni wọ́n dé orí Everest. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n lò lókè náà, ọkùnrin yìí sì tún lo ọdún tó lé ní 50 láyé lẹ́yìn rẹ̀. Èmi kò gbà pé ìṣẹ́jú 15 yẹn ló yẹ kí a fi máa rántí rẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó fi irú ẹni tó jẹ́ hàn ni ohun tó ṣe lẹ́yìn tí hẹlikọ́pítà yẹn balẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí ì bá bá a wí bó bá kó ẹrù rẹ̀ tó sì kọ ẹ̀yìn sí Nepal títí láé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ olóyin

Ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1919 ni wọ́n bí i ní Auckland, ní New Zealand. Iṣẹ́ oyin ni bàbá rẹ̀, Percy, ń ṣe, òun àti Rex àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì jọ bá bàbá wọn ṣe é. Iṣẹ́ tó le ni. Àpótí oyin wúwo, ó pọ̀, ojúmọ́ kan ò sì lè mọ́ kí kòkòrò má ta wọ́n. Hillary fúnra rẹ̀ gbà pé ibẹ̀ ni ara òun ti le tó bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti dín kù lásìkò òtútù, orí òkè ló máa ń sá lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú, ó sì jóná gan-an nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kan gbiná mọ́ ọn ní Solomon Islands lọ́dún 1945. Ara rẹ̀ yá, ó sì padà sí orí òkè.

Louise Rose, ẹni tó fẹ́, ọmọ ilé olókè ni. Bàbá Louise jẹ́ ògúnná gbòǹgbò nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè ní New Zealand. Orin ni Louise gan-an kọ́ṣẹ́ rẹ̀, violà, irú gòjé òyìnbó kan, ló ń ta, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Sydney nígbà tí Hillary ń bọ̀ láti Everest. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀ kò lè la ẹnu sọ fún ọmọbìnrin yìí pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìyá Louise ló bẹ̀, ìyá náà sì fi tẹlifóònù bá a béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Àwa tá a mọ ohun tí alárinà ń ṣe, a ò ní rí i bí ohun ìyàlẹ́nu, àfi ti pé ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀ ni alárinà ọ̀hún. Ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1953 ni wọ́n ṣègbéyàwó, ọjọ́ tí Louise pé ọmọ ọdún 23. Peter ni wọ́n kọ́kọ́ bí, lọ́dún 1954, Sarah tẹ̀ lé e ní 1956, Belinda sì dé ní 1959.

Ìgbéyàwó kò dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Lọ́jọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1958, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ dé Ìpẹ̀kun Gúúsù ayé lórí katakata oko, irú èyí tí àgbẹ̀ fi ń túlẹ̀, tí wọ́n tún ṣe kó lè rìn lórí yìnyín. Lákòókò náà, ìyàwó wà nílé pẹ̀lú ọmọ méjì kéékèèké. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ẹni tó bá ń ka ìtàn irú ọkùnrin báyìí sábà máa ń gbàgbé ẹni tó ń di ilé mú. Louise kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sunkún de ọkọ, síbẹ̀ òun ló ru ilé yẹn fún oṣù lé oṣù.

Ìbéèrè tó bí ilé-ìwé

Lọ́dún 1960, Hillary kó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àtàwọn olókè jọ lọ sí Nepal. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ lórí òkè ń ṣe sí ara èèyàn tó bá pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìtàn yeti, ẹ̀dá onírun tí wọ́n ní ó ń gbé inú yìnyín. Nínú ìrìn yẹn, bí wọ́n ṣe jókòó ti iná lálẹ́ ọjọ́ kan, Hillary béèrè lọ́wọ́ Urkien, ọ̀kan nínú àwọn Sherpa, ẹ̀yà tó ń gbé orí òkè Nepal, tó bá a rìn, pé kí ni òun lè ṣe fún wọn. Urkien kò béèrè owó. Ilé-ìwé ló ní àwọn ọmọ àwọn nílò. Nígbà tó yá, àwọn àgbà Khumjung, abúlé Sherpa kan, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí i, wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn lójú lóòótọ́ ṣùgbọ́n afọ́jú ni wọ́n, nítorí wọn ò mọ̀wé.

Mo rò pé inú ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ti jáde. Ó ti gba ọ̀nà ilẹ̀ wọn kọjá, wọ́n ti bá a ru ẹrù, àwọn kan nínú wọn ti kú sórí òkè nítorí àwọn àlejò tó fẹ́ gun òkè. Kò ro ohun tí wọ́n nílò fún wọn. Ó bi wọ́n. Àwa náà mọ irú àwọn tó máa ń kó ẹ̀bùn wá sí abúlé láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ẹ̀rọ omi tí kò sí ẹni tó lè tún un ṣe, ilé tó di ibùsùn ewúrẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ Khumjung, àwọn tó nilẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ilé-ìwé Khumjung ṣí lọ́dún 1961, ní ibi tó ga tó nǹkan bíi mítà 3,790 sókè òkun. Páànù aluminium ni wọ́n fi kọ́ ilé àkọ́kọ́, bàálù ló gbé e dé ìtòsí ibẹ̀, èèyàn sì ru ìyókù ọ̀nà. Àwọn abúlé mìíràn gbọ́, wọ́n ń wá bẹ̀bẹ̀ fún tiwọn. Báyìí ni Himalayan Trust, àjọ tí Hillary dá sílẹ̀ láti máa ran àwọn Sherpa lọ́wọ́, ṣe di ohun tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Hillary ń rin ìlú òyìnbó kiri, ó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn èrò nínú gbọ̀ngàn, ó ń tọrọ owó, á sì padà sí Nepal pẹ̀lú ìṣó, òòlù àti àwọn ọ̀rẹ́ tó yọ̀ǹda ara wọn. Rex àbúrò rẹ̀, tó ti di kọ́lékọ́lé, máa ń bá a lọ kọ́ ilé-ìwé.

Ní 1963, ṣọ̀pọ̀nná jà ní agbègbè náà. Ìrìn tí Hillary kó jáde lọ́dún náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìgbà náà ló túbọ̀ hàn pé ilé-ìwé nìkan ò tó. Ní 1964 wọ́n la pápákọ̀ òfurufú sí Lukla, ní ibi tó ga ju mítà 2,800 lọ, kí ẹrù lè tètè máa dé fún ilé ìwòsàn tí wọ́n fẹ́ kọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò le tó. Hillary ra ọtí ìbílẹ̀ fún àwọn Sherpa, ó ní kí wọ́n máa jó. Wọ́n so ọwọ́ kọ́ ọwọ́, wọ́n jó lórí ilẹ̀ náà títí ó fi kì. Ní 1966, ilé ìwòsàn náà ṣí ní Khunde, abúlé kan nítòsí Khumjung. Gẹ̀gẹ̀ pọ̀ lọ́rùn àwọn èèyàn Khumbu, agbègbè òkè tí àwọn abúlé wọ̀nyí wà, nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń wáyé pẹ̀lú ọpọlọ tí kò pé àti etí tí kò gbọ́ràn, nítorí pé áyódíìnì, èròjà kan tí ara nílò, kò tó nínú ilẹ̀ àti oúnjẹ wọn. Àwọn dókítà Khunde ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ òróró áyódíìnì, àìsàn tó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀. Lójú tèmi, abẹ́rẹ́ yẹn ju Everest lọ.

Ẹni tó mú gbogbo iṣẹ́ yìí rìn láti inú ni Mingma Tsering, ọmọ Khunde, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ Hillary. Kò mọ̀wé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ló ń fi pa gbogbo ìṣirò mọ́: iye pákó, iye aláàárù, owó oníkálùkù. Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tó kọ́ àwọn ilé-ìwé wọ̀nyẹn, tirẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn.

Iṣẹ́ ìdílé

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Louise ti wà nínú rẹ̀. Ó wá sí Nepal lọ́dún 1961, ó rìn láti abúlé dé abúlé, ó jókòó ní ilé ìdáná àwọn obìnrin Sherpa. Nígbà tí àwọn ọmọ dàgbà díẹ̀, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn. Ìdílé náà máa ń fi àkókò ìsinmi pàgọ́ nínú igbó New Zealand àti ní ilẹ̀ òkèèrè, ọdún Kérésìmesì 1966 sì bá gbogbo wọn lórí ìrìn láàárín àwọn òkè Nepal. Louise ló ń kọ ìrìn wọ̀nyí sílẹ̀ ní ìwé. Bí o bá kà á, ojú ìyá lo máa fi rí ohun gbogbo: ẹsẹ̀ ọmọ tó bó, oúnjẹ tí ọmọ kan kọ̀, àjèjì tó di ará ilé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Fún ìdí èyí, mi ò fara mọ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ náà bíi pé Hillary ló ń ṣe ìyọ̀ǹda ara ẹni, tí ìyàwó àtàwọn ọmọ wulẹ̀ ń wá kí i. Ìdílé náà lápapọ̀ ló yọ̀ǹda ara wọn. Àwọn Sherpa mọ Louise ní orúkọ, wọ́n mọ àwọn ọmọ náà láti kékeré. Belinda, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn, dàgbà láàárín àwọn méjèèjì, Auckland àti Khumbu.

Nígbà tó di 1975, iṣẹ́ tó kàn ni ilé ìwòsàn Phaphlu. Khunde wà lókè réré, àwọn ará Solu tó wà nísàlẹ̀ kò sì ní dókítà nítòsí. Hillary pinnu láti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà ní Nepal, kó lè dúró ti iṣẹ́ ilé náà. Kàkà kí ìdílé tún pínyà fún oṣù gbọọrọ, wọ́n gba ilé sí Kathmandu. Ìpinnu tó dára ni. Ẹni tó bá ti fi ọmọ sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè rí á mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é.

Ohun tó já bàálù lulẹ̀

Kì í ṣe òkè ló pa wọ́n, kì í ṣe ìjì, kì í ṣe yìnyín. Bàálù kékeré bíi tiwọn, bó bá wà nílẹ̀, wọ́n máa ń de àwọn ẹ̀yà kan létí ìyẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbọ̀n wọ́n bàjẹ́. Kí ó tó gbéra, wọ́n gbọ́dọ̀ tú ìdè náà kúrò, nítorí àwọn ẹ̀yà yìí ni awakọ̀ fi ń mú bàálù dúró déédéé kó má dojú dé. Lọ́jọ́ náà, wọn kò tú u. Bàálù gbéra, awakọ̀ kò lè darí rẹ̀, ó já lulẹ̀ nítòsí Kathmandu.

Ohun tó ṣòro jù lọ fún mi nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn. Hillary ti ja àjàyè lórí yìnyín tó là lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti sùn ní ibi tí òtútù ti ń gé ọmọ ìka èèyàn. Gbogbo ewu tó mọ̀, ara rẹ̀ ló ń fi dojú kọ ọ́, ó sì mọ bó ṣe ń wọn ewu kó tó gbé ẹsẹ̀. Èyí tó wá gba ẹni rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí kò sí ló ti ṣẹlẹ̀, nítorí ohun kékeré tí ọwọ́ èèyàn ì bá mú kúrò lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ náà kì í ṣe ẹni tó ń wá ewu kiri. Wọ́n ń lọ bá ọkọ àti bàbá wọn níbi iṣẹ́ ni.

Wọ́n dáná sun òkú ìyá àti ọmọ ní etí odò Bagmati, bí àṣà ilẹ̀ náà ṣe rí.

Lẹ́yìn ọ̀fọ̀

Kò pẹ́ tí Hillary fi padà sí Phaphlu. Ilé náà ṣì wà nílẹ̀ láìparí, àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró, àwọn aláìsàn Solu kò sì ní ibi mìíràn. Ó bá wọn kọ́ ọ títí ó fi parí, wọ́n sì ṣí i. Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Nepal, ó sì ń tọ́jú àwọn èèyàn títí di òní.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á bíi pé akíkanjú ọkùnrin nù ojú nù, ó gbé òòlù, ọ̀ràn tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, òun fúnra rẹ̀ kò sì fi pa mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà nínú òkùnkùn. Ó ń mu ọtí whisky, ó ń lo oògùn oorun kó tó lè sùn. Ilé wọn ní Remuera, ní Auckland, tí òun àti Louise jọ kọ́, di ibi tí kò rọrùn fún un láti wọ̀. Peter àti Sarah pàdánù ìyá àti àbúrò, bàbá tó kù fún wọn sì jẹ́ ọkùnrin tí kò mọ bí a ṣe ń sọ ìrora jáde. Nílẹ̀ wa, nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnìkan, a kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Àwọn mọ̀lẹ́bí á wá sùn tì í, a ò ní jẹ́ kó dá jẹun, àní bó tilẹ̀ lé wa kúrò. Wọ́n dúró ti Hillary náà, àwọn òbí Louise, Rex, Mingma àtàwọn èèyàn Khunde, ṣùgbọ́n ibi tí ọgbẹ́ rẹ̀ wọlé dé kọjá ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè kàn.

Iṣẹ́ ló so ọjọ́ kan mọ́ ìkejì fún un. Ọdọọdún ló ń padà sí Nepal: ilé-ìwé kan nílò òrùlé, afárá kan já, ilé ìwòsàn kan kò ní oògùn. Mo ti gbọ́ àwọn tó sọ pé fífi iṣẹ́ bo ọ̀fọ̀ mọ́lẹ̀ kì í ṣe ìwòsàn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Hillary padà sí yìí kan náà ni Louise ń lọ sí lọ́jọ́ tó kú. Kò sí ibòmíì láyé tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tún sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Bí èmi ṣe lóye rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì rí nǹkan kan nínú ìyókù ayé rẹ̀ tó ta kò ó.

Ní 1977, ó tún jáde fún ìrìn ńlá, Peter sì bá a lọ. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré wọ odò Ganges láti ibi tó ti ń wọ òkun ní India, wọ́n wà á lòdì sí odò títí dé ibi tí omi ti ń já láti òkè ní Nandaprayag, tí ọkọ̀ ò lè gba kọjá mọ́. Èrò rẹpẹtẹ ló tò sí etí odò ní ìlú kọ̀ọ̀kan láti kí wọn. Láti ibẹ̀ wọ́n fẹsẹ̀ gun òkè. Àìsàn òkè sì dá Hillary dùbúlẹ̀ níbi tó ga ju mítà 5,000 lọ, ó sì le débi pé inú àgọ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wé e mọ́ tí wọ́n fi wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀. Ara rẹ̀ kò gba òkè gíga mọ́ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbà pé inú ìrìn yẹn ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ẹnu rẹ̀. Bàbá àti ọmọ jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo sì rò pé ìyẹn ṣe ju ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún wọn lọ.

Ikú tún gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1979, bàálù New Zealand kan tó ń gbé àwọn èèyàn lọ wo Antarctica kọ lu òkè Erebus, èèyàn 257 ló kú. Hillary ni wọ́n kọ́kọ́ pè láti wà nínú bàálù náà kó máa ṣàlàyé fún àwọn èrò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn gbà á. Peter Mulgrew, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ló lọ dípò rẹ̀. Mulgrew yìí ti pàdánù ẹsẹ̀ méjèèjì sí òtútù nígbà tí wọ́n jọ ń gun òkè Makalu lọ́dún 1961. June, opó rẹ̀, jẹ́ ẹni tó ti ń bá Himalayan Trust ṣiṣẹ́ tipẹ́. Nígbà tí ìjọba New Zealand fi Hillary ṣe aṣojú ní India láti 1985, June bá a lọ sí Delhi. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1989 wọ́n ṣègbéyàwó. Àwọn méjì tí bàálù ti ṣe ní ohun kan náà ni wọ́n jọ parí ìrìn wọn.

Peter ọmọ rẹ̀ di olókè bíi bàbá. Lọ́dún 1990 ó dé orí Everest, ó sì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti òkè náà.

Ohun tó kù nílẹ̀

Hillary kú ní Auckland lọ́jọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2008, ẹni ọdún 88. Ìjọba ló sin ín, lọ́jọ́ 22 oṣù náà. Àwọn Sherpa wá, wọ́n fi ìborùn funfun bọlá fún un bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni wọn, ọmọ Tenzing Norgay sì wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú náà. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́, wọ́n da eérú rẹ̀ sínú omi Hauraki Gulf, lẹ́bàá Auckland. Wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Sherpa. Lọ́dún 2010, Apa Sherpa, olókè Sherpa kan, fẹ́ gbé díẹ̀ náà lọ sí orí Everest, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹ̀sìn ibẹ̀ ní kò bójú mu, pé òkè mímọ́ ni, bí a bá sì gba ti ẹnìkan, ti gbogbo èèyàn ló máa tẹ̀ lé e. Wọn kò gbé e lọ. Inú mi dùn sí i pé ọ̀rọ̀ àwọn tó nilẹ̀ ló borí níbẹ̀ pẹ̀lú, bó ṣe rí nígbà tí Urkien ní ilé-ìwé ni àwọn fẹ́.

Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé Khumjung náà kò jókòó lásán. Mingma Norbu Sherpa wà lára wọn, ó kàwé, ó sì di ọmọ Sherpa àkọ́kọ́ tó jẹ́ olùtọ́jú àgbà fún ọgbà ìpamọ́ Sagarmatha, èyí tí ìjọba Nepal dá sílẹ̀ ní 1976 láti dáàbò bo igbó àti òkè Khumbu. Jàǹbá hẹlikọ́pítà ló pa á lọ́dún 2006, lẹ́nu iṣẹ́. Ang Rita Sherpa náà kàwé níbẹ̀, ó wá di ẹni tó ń darí iṣẹ́ Himalayan Trust ní Nepal. Kami Temba Sherpa gba ibẹ̀ lọ, ó ṣiṣẹ́ ní Khunde lábẹ́ àwọn dókítà àlejò, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Fiji, ó sì padà wá di dókítà ní ilé ìwòsàn Khunde kan náà, ní abúlé tí wọ́n ti máa ń retí dókítà láti òkè òkun. Alaboyún tó bá wọlé tọ̀ ọ́ kò nílò ògbufọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ríri ńlá méjì ṣẹlẹ̀ ní Nepal ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ọdún 2015, ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Solukhumbu ló ya tàbí wó. Peter àti Sarah wà lára àwọn tó dìde láti wá owó, àwọn ará abúlé ru òkúta, wọ́n sì tún àwọn yàrá náà kọ́ lọ́nà tí wọn ò fi ní tètè wó bí ilẹ̀ bá tún mì.